Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀: Èwo Ló Yẹ Bọ́ọ̀sì Tó Ń Ṣe Ju Iṣẹ́ Kan Lọ?

Ní ọ̀pọ̀ ilé lóde òní, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Sienna yẹn ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Tó bá di Sátidé, ẹbí á gbé e lọ sóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òṣogbo. Bí owó epo bá sì wọ́n jù, dẹ́rẹ́bà á yà sí gáréèjì, á kó èrò díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti yọ ìjókòó inú bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá àti sítóòfù sí i, wọ́n ń fi ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà.

Bí ẹ bá ń wá ìnṣọ́ránsì fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó béèrè iye owó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ń sanwó lọ́dọọdún, ìwé wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ lọ́jọ́ tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò á ní iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe lọ́jọ́ yẹn kò sí nínú àdéhùn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èyí tí òfin sọ pé ó pọn dandan

Láti ọdún 1950 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà pé kí ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ní ìnṣọ́ránsì third party. Ìtumọ̀ orúkọ náà ò le: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ìwé ni ẹni àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ adójútòfò ni ẹnì kejì, ẹni tí ọkọ̀ yín ṣe léṣe tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ ni ẹni kẹta. Ẹni kẹta yìí ni wọ́n ń sanwó fún. Òfin adójútòfò ọdún 2003 ló fi kún un pé ìwé náà gbọ́dọ̀ kan dúkìá ẹlòmíì pẹ̀lú, yàtọ̀ sí ikú àti ìpalára. Òfin yẹn fi owó ìtanràn ₦250,000, ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì pọ̀, lélẹ̀ fún ẹni tó bá tàpá sí i.

Lọ́dún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó kó àwọn òfin adójútòfò àtijọ́ jọ sábẹ́ ẹyọ kan. Dandan náà ṣì wà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Àjọ NAICOM, tó ń mójú tó iléeṣẹ́ adójútòfò fún ìjọba àpapọ̀, ló gbé iye owó third party jáde, iye náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Báyìí ni wọ́n ṣe là á sílẹ̀ fún ọdún kan:

- Ọkọ̀ àdáni: ₦15,000. Dúkìá ẹlòmíì tó bá bàjẹ́, wọ́n lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé e lórí.
- Ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀: ₦20,000, ó dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà.
- Bọ́ọ̀sì tí iléeṣẹ́ fi ń gbé òṣìṣẹ́: ₦20,000, ó dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà.
- Ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù fún owó: ₦100,000, ó dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà.
- Kẹ̀kẹ́ Márúwá: ₦5,000, ó dé mílíọ̀nù méjì náírà.
- Ọ̀kadà: ₦3,000, ó dé mílíọ̀nù kan náírà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ló ń sọ iye tí ẹ máa san. Bọ́ọ̀sì méjì lè jọra bí ìbejì, kí owó ìnṣọ́ránsì wọn má sì dọ́gba rárá.

Ohun tí third party kò ní ṣe fún yín

Third party kò ní tún ọkọ̀ yín ṣe. Bí dẹ́rẹ́bà yín bá sáré lu ògiri ilé ẹlòmíì ní Mọ́kọ́lá, onílé á rí owó gbà fún ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú bọ́ọ̀sì tó wó, ẹ̀yin lẹ máa fowó ara yín tún un ṣe. Bí olè bá gbé ọkọ̀ yín lọ, tàbí iná jó o, third party lásán kò mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni kẹta.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: ọkọ̀ olówó ńlá pọ̀ lójú títì wa báyìí. Bí ọkọ̀ yín bá ba jíìpù ẹnì kan jẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ sì lọ sí mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, mílíọ̀nù mẹ́ta ni ìwé ₦15,000 lè gbé níbẹ̀. Mílíọ̀nù márùn-ún tó kù ń bọ̀ wá bá yín nílé. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ààlà yẹn ga sí i, kí ẹ sì fowó díẹ̀ kún tẹ́lẹ̀.

Third party tó ní iná àti olè, àti comprehensive

Láàárín ìwé tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, ìkan wà tí wọ́n ń pè ní third party, fire and theft. Gbogbo iṣẹ́ third party ló ń ṣe, ó sì tún fi iná àti olè kún un. Ó dára fún ọkọ̀ tó ti dàgbà díẹ̀, tí olúwa rẹ̀ lè fara da owó àtúnṣe kéékèèké, àmọ́ tí kò ní lágbára láti ra òmíràn bí wọ́n bá jí i gbé.

Comprehensive ló gbòòrò jù. Ó ń san ti ẹni kẹta, ó ń tún ọkọ̀ tiyín náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà yín ló jẹ̀bi ìjàm̀bá náà. NAICOM ní kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó. Ìṣirò rẹ̀ rèé: bí bọ́ọ̀sì yín bá tó mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, owó ọdún kan kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦300,000. Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé òun máa ṣe comprehensive bọ́ọ̀sì mílíọ̀nù mẹ́fà ní ₦90,000, ẹ yáa fura.

Báwo lèèyàn ṣe máa yàn? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí ọkọ̀ yìí bá run lọ́la, ṣé màá lè ra òmíràn láì yá owó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, third party tí ẹ gbé ààlà rẹ̀ ga lè tó yín. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ orísun oúnjẹ ilé, tàbí tó jẹ́ owó àjẹmọ́nú àti ti kópà lẹ fi rà á, a jẹ́ pé comprehensive ni kí ẹ máa tiraka fún.

Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé. Ìwé ọkọ̀ àdáni sábà máa ń sọ pé kò kan ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbé èèyàn fún owó tàbí tí ẹ bá fi ṣe háyà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan ra comprehensive fún Sienna rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àdáni, ó sì ń fi kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà Iléṣà. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ adójútòfò dé, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn èrò lẹ́nu wò, wọ́n gbọ́ pé kálukú sanwó ọkọ̀. Bí àdéhùn rẹ̀ bá yọ kíkó èrò fún owó sílẹ̀, ₦300,000 tó san kò ní gba nǹkan kan padà fún un lórí ọkọ̀ rẹ̀.

Torí náà, ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Bó bá ń kó èrò, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá ń fi í ṣe háyà fún òde ìnáwó, ẹ kọ ọ́. Ọkọ̀ akérò ní owó tirẹ̀, ó sì máa ń ju ti àdáni lọ, àmọ́ òun ni yóò dáhùn lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹ béèrè bóyá àwọn èrò inú ọkọ̀ wà nínú ìwé náà, àti pé èèyàn mélòó ni. Bó bá jẹ́ pé mẹ́fà ni ìwé sọ, tí ẹ sì kó mẹ́sàn-án, ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa dì mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí ara ọkọ̀. Ẹni tó yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò lórí epo bẹntiróòlù sí gáàsì CNG, tàbí tó yọ ìjókòó láti fi ibi ìdáná sí i, gbọ́dọ̀ fi tó iléeṣẹ́ létí. Ẹrù inú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ amúnáwá, fíríìjì, sítóòfù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ẹ má ṣe rò pé wọ́n wà nínú ìnṣọ́ránsì ọkọ̀. Ẹ kọ orúkọ àti iye wọn kalẹ̀, kí iléeṣẹ́ sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á, tàbí kí ẹ ra ìwé ọ̀tọ̀ fún wọn.

Àgbàrá, rògbòdìyàn àti iye ọkọ̀

Kì í ṣe gbogbo comprehensive ló kan àgbàrá òjò àti rògbòdìyàn ìlú. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fowó kún un kí wọ́n tó fi wọ́n sí i. Ará Ìbàdàn tó rántí ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011 mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ará Èkó tó sì rí bí wọ́n ṣe dáná sun bọ́ọ̀sì BRT ní Òyìngbò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 náà kò ní gbàgbé.

Ẹ tún wo iye tí wọ́n kọ pé ọkọ̀ yín tó. Bó bá jẹ́ pé iye ọdún 2022 ló ṣì wà nínú ìwé, owó yẹn lè má ra ìdajì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, nítorí náírà ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Iléeṣẹ́ kò ní san ju iye tó wà nínú ìwé lọ. Bí ẹ bá sì kọ iye tó ga ju bí ọjà ṣe rí lọ, owó asán lẹ ń san, torí iye tí ọkọ̀ tó lọ́jà lọ́jọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n máa wò. Ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá ń sọdá Sẹ̀mẹ̀

Fún àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Kútọnu tàbí Lomé, Brown Card ti ECOWAS ni ìwé tí ẹ máa nílò. Kútọnu gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982. Bí ọkọ̀ yín bá ṣe ẹnì kan léṣe lọ́hùn-ún, òun ló ń dúró fún yín gẹ́gẹ́ bí third party. Kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ẹ gbà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó gbéra.

Kí ẹ má ra ìwé ayédèrú

Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe pátíkúlà ọkọ̀ lè tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n kò lè san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti gba ìwé tán, ẹ lọ sí ojú òpó askniid.org lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín síbẹ̀. Bí orúkọ iléeṣẹ́ àti ọjọ́ tí ìwé máa parí kò bá jáde, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á. Ẹ sì rí i pé iléeṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ NAICOM.

Ẹ rántí pé kò sí ìnṣọ́ránsì àwìn. Títí owó ọdún yẹn fi wọlé, kò sí ààbò kankan, bó ti wù kí ìlérí aṣojú wọn dùn tó.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó rí i, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò kíákíá. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn owó lójú títì, ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan ọkọ̀ kí òṣìṣẹ́ wọn tó wá wò ó. Láísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ń fi yín falẹ̀ láìnídìí, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn.

Ìbéèrè méje kí ẹ tó sanwó

- Ṣé gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ̀ mi ń ṣe ló wà nínú ìwé yìí?
- Ta ló lè wà á? Ṣé dẹ́rẹ́bà mi àti àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀?
- Ṣé àwọn èrò inú ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, èèyàn mélòó sì ni?
- Ṣé àgbàrá àti rògbòdìyàn wà níbẹ̀?
- Eélòó ni èmi máa kọ́kọ́ san lápò ara mi kí tiyín tó bẹ̀rẹ̀?
- Ṣé dandan ni kí n fi ẹ̀rọ tó ń tọpa ọkọ̀ sí i?
- Ọjọ́ wo ló máa parí?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú kò tó lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá délẹ̀. Ohun tó wà nínú àdéhùn ni iléeṣẹ́ máa ṣí wò.