Bátìrì Kékeré Inú Kọ̀ǹpútà: Ibi Tó Ti Wá Àti Ìdí Tó Fi Yẹ Ká Mọ̀ Ọ́n

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, torí owó tí à ń ná sí i láìnídìí ti pọ̀ jù.

Ẹ máa ń rí i: ẹ tan kọ̀ǹpútà, ó gbé ọdún àtijọ́ síta, ó ní kí ẹ tẹ F1 kó tó lè tẹ̀ síwájú. Ìkànnì ò ṣí, torí ọjọ́ inú rẹ̀ ò bá ti ìkànnì mu. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ tẹ èsì ìdánwò jáde ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní motherboard ti kú, ẹ lọ ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò kú o. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Nígbà tí IBM gbé PC àkọ́kọ́ jáde lóṣù kẹjọ ọdún 1981, switch kéékèèké ló wà lórí motherboard rẹ̀. Bí ẹ bá fi nǹkan kún un, ẹ ó tú u, ẹ ó sì fọwọ́ yí switch yẹn. Kò mọ ọjọ́. Ẹni tó tàn án ló ń tẹ ọjọ́ àti aago sí i. Lọ́dún 1984 ni PC AT dé. Wọ́n fi chip Motorola kan sí i, tó ní aago àti àyè ìrántí 64 byte. CMOS ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wá fi bátìrì tì í lẹ́yìn, kó má bàa gbàgbé bí iná bá lọ.

Ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sílẹ̀ wà níbòmíràn, nínú chip BIOS. Ìyẹn ò nílò bátìrì. Torí náà, bí ẹ bá yọ bátìrì, ohun tí a yí padà ni kọ̀ǹpútà máa gbàgbé, á sì padà sí ètò ìpìlẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń yọ wá lẹ́nu tó báyìí? Kọ̀ǹpútà tó wà lójú iná kì í jẹ bátìrì yẹn púpọ̀. Bí iná bá lọ, bátìrì nìkan ló ń gbé aago yẹn tọ̀sán-tòru. NEPA di PHCN lọ́dún 2005, BEDC gbà á fún wa lọ́dún 2013, àmọ́ òkùnkùn ò pa orúkọ tiẹ̀ dà. Tòkunbọ̀ tún lèyí tó pọ̀ jù lára ohun tí à ń rà. Bátìrì rẹ̀ ti gbó kó tó wọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún 2005, Basel Action Network kọ ọ́ pé bíi kọ̀ǹténà 500 irú ẹrù yìí ló ń wọ Èkó lóṣù kan, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ṣe é tún ṣe mọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi èyí tó ṣì dára kún ààtàn yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ẹ bá lè wọ BIOS, ẹ fi fóònù ya àwòrán ètò tó wà níbẹ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ yọ bátìrì CR2032, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi tuntun sí i. Bí ẹ bá tàn án, ẹ wọ BIOS, ẹ yan Load Defaults, ẹ tún ọjọ́ ṣe. Bí Windows ò bá wá ṣí, ẹ wo àwòrán yẹn, ẹ dá ètò hard disk padà sí bó ṣe wà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ń wò o. Ní April 26, 1999, fáírọ́ọ̀sì CIH ba inú chip BIOS fúnra rẹ̀ jẹ́ lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pàápàá ní Éṣíà. Ìpìlẹ̀ ti lọ, kí lẹ ó padà sí? Bákan náà, password BIOS lára ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ kì í lọ bí ẹ bá yọ bátìrì. Torí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé motherboard ti kú, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: “Ṣé ẹ ti pààrọ̀ bátìrì?” Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ará wa tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjà á máa tà fún gbogbo wa o.