Láti Òdogbolú dé Dakar: Ta Ló Di Etí Omi Mú?

Ká ní ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́rin ń gbèrò láti wa mọ́tò láti Òdogbolú dé Dakar, olú-ìlú Senegal. Ẹ ti da owó epo jọ, ẹ ti yẹ táyà wò, ẹnì kan sì ti ń to orin tí ẹ máa gbọ́ lọ́nà. Lórí fóònù, ìlà kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà: Ṣàgámù, Èkó, Bàdágìrì, Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa tọ etí òkun lọ. Fóònù á sọ iye kìlómítà fún yín. Ohun tí kò ní sọ ni ẹni tó di etí omi mú níbi tí ọ̀nà ti pàdé odò, àti ohun tí onítọ̀hún máa gbà kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òun ló fa ogun ọdún 1892.

Ẹ wo ibi tí Ìjẹ̀bú wà. Ọ̀sà wà ní gúúsù rẹ̀, Ìbàdàn wà ní àríwá. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí kò bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá kọjá, ọ̀sà ló máa kọ́kọ́ là. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú, Ejìnrìn tàbí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni ìrìn ẹsẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Rẹ́mọ tàbí ti Ìjẹ̀bú ló sì máa gbà. Kò sí mọ́tò, kò sí afárá. Orí làwọn aláàárù fi ń ru iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù lọ sókè. Epo pupa àti ẹrù oko ló ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ká má sì tan ara wa: èèyàn náà wà lára ohun tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ètò ìrìnàjò ayé ìgbà náà kò jọ tiwa. Ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ṣé ọ̀nà ṣí?” Ọ̀nà lè ṣí lónìí kí wọ́n tì í lọ́la. Lẹ́yìn náà, á wá àwọn tí wọ́n jọ máa rìn, torí ẹni tó bá dá rìn lè bọ́ sọ́wọ́ agbéniṣẹrú. Á sì gbé owó oníbodè dání. Owó ẹyọ ni, ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo sì jẹ́ 20,000 ẹyọ, ìyẹn ni pé owó lásán ti tó ẹrù lórí. Bó bá dé bodè, á san. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ náà ni ìrìnàjò rẹ̀ máa parí sí, torí àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí ará Èkó bá ará òkè tajà tààrà. Kálukú á kó ọjà rẹ̀ dé ọjà ẹ̀bá bodè, oníṣòwò Ìjẹ̀bú á sì wà láàárín. Èrè ibi àárín yẹn ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú di olówó.

Títì tí wọ́n lè ti ọ̀nà tún jẹ́ ohun ìjà. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn àti ẹ̀tù má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ ìdà olójú méjì ni. Ọ̀nà tí ẹrù ọ̀tá kò gbà kọjá, ẹrù tìẹ náà kò ní gbà á. Ọ̀pọ̀ ará ilé gan-an ló ń jìyà ọjà tó dúró, ní 1883, wọ́n sì lé Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Àfìdípòtẹ̀ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀pẹ́ ló forí lé, létí ọ̀sà.

Àwọn òyìnbó Èkó náà fẹ́ kí ọ̀nà ṣí, àmọ́ wọn ò fẹ́ san owó bodè. Ní oṣù Karùn-ún 1891, Denton tó ń ṣe adelé gómìnà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ẹ̀bùn. Awùjalẹ̀ Adésùḿbọ̀ Tunwáṣe kò gba ẹ̀bùn náà. Ní oṣù Kìíní 1892, wọ́n fa àdéhùn kan yọ ní Èkó: kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà, kí wọ́n pa owó bodè rẹ́, kí ìjọba Èkó sì máa san £500 fún wọn lọ́dọọdún. Kò pẹ́ tí Gómìnà Gilbert Carter fi ní wọ́n da àdéhùn, pé wọ́n dá míṣọ́nnárì òyìnbó kan padà lójú ọ̀nà.

Ogun náà gba ojú ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà. Àwọn ọmọ ogun wọ ọkọ̀ ní Èkó, wọ́n sọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní Ìmàgbọ̀n, létí odò Yemoji. Ìbọn Maxim ló dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí oníbodè mọ́.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1901, wọ́n parí afárá tó so Ìdó pọ̀ mọ́ erékùṣù Èkó. Orúkọ Carter yìí náà ni wọ́n fi pè é. Lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó, ó sì gba Abẹ́òkúta, kò gba Ìjẹ̀bú. Ẹni tó di etí omi mú ti yí padà, ọ̀nà náà sì yí padà tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìrìnàjò wa sí Dakar, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kú. Tí ẹ bá gba Guinea-Bissau wọ Senegal, Ziguinchor lẹ máa bá, ní agbègbè Casamance. Ẹ ti wà ní Senegal, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Gambia ló wà láàárín yín àti Dakar: ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lé odò Gambia. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fẹ́rì ló ń gbé mọ́tò sọdá odò yẹn nítòsí Farafenni. Àwọn dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù máa ń sùn sórí ìlà fún ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kejì 2016, ìjọba Gambia gbé owó tí ọkọ̀ ẹrù kan máa san láti 4,000 CFA lọ sí 400,000 CFA. Àwọn awakọ̀ Senegal bá ti bodè pa fún oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá sọ ìtàn yìí fún oníbodè Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́, kò ní yà á lẹ́nu.

Ẹ̀mí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Torí wàhálà bodè, fẹ́rì àti ìjà tó ń lọ ní Casamance, ọ̀pọ̀ èèyàn yàn láti máa wọ ọkọ̀ ojú òkun láti Ziguinchor lọ sí Dakar. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀kan nínú wọn, Joola, dojú dé nítòsí etíkun Gambia. Nǹkan bí 580 èèyàn ni wọ́n kàn án fún. Àwọn tó kú lé ní 1,800. Èèyàn 64 péré ló yè.

Ní oṣù Kìíní 2019, wọ́n ṣí afárá lórí odò náà ní Farafenni. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba Banjul dé Barra, fẹ́rì ṣì ni.

Òfin wà lóòótọ́. Láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè dúró fún 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tó fẹ́ kó ẹrù gba Sẹ̀mẹ̀ nígbà yẹn tún padà sí ìbéèrè àwọn baba wa: “Ṣé ọ̀nà ṣí?”

Nítorí náà, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì, ìwé mọ́tò àti Brown Card, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ECOWAS. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà náà lóṣù yìí, kì í ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà létí omi, àti aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ka èèyàn inú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Tó bá ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀. Dakar ò ní lọ síbì kankan.