Ẹni Ra Ọkọ̀ Kò Ra Ọgbọ́n Atukọ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ṣí kóòdù Solaris, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ fún aráyé. Wọ́n pè é ní OpenSolaris. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kà á, láti tún un ṣe àti láti pín in.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Oracle pinnu pé òun kò ní máa pín kóòdù tuntun lójoojúmọ́ mọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kan náà, Garrett D'Amore àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé illumos jáde. OpenIndiana tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án. Apá tí Sun kò ṣí sílẹ̀ rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun dípò rẹ̀.

Oracle ra orúkọ àti ilé, kò lè gba ohun tí Sun ti fún aráyé padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó lè kọ kóòdù, ìwé àṣẹ lásán ni ì bá kù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ etíkun Àgbádárìgì, ẹ má kàn máa lo ètò ọ̀fẹ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.