Kí Wọ́n Tó Gé Irin: Ṣé Ó Yẹ Kí Bọ́ọ̀sì Tí Èèyàn Fi Ṣe Ilé Ní Fèrèsé?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nílùú Ìbàdàn tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì ti ń sinmi. Awakọ̀ tó kó ẹ̀wà àti iṣu láti Òkè Ọya wá sí ọjà Bódìjà kì í sábà wá ilé ìtura lọ, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní sí. Dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́ tí ilẹ̀ ṣú bá ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Challenge a máa na ẹ̀yìn sórí ìjókòó bọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ajíhìnrere tó ń rìn káàkiri, àwọn tó ń ya fíìmù àti oníṣòwò tó ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ rọrùn díẹ̀ a máa ra bọ́ọ̀sì akẹ́rù tòkunbọ̀, irú èyí tó jẹ́ pé irin lásán ni ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Yóò tẹ́ fóòmù sí i, yóò fa iná sí i. Lẹ́yìn èyí ni àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀: ṣé kí pánẹ́bítà gé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó fi díńgí sí i ni, àbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Owó wà ńbẹ̀, ààbò wà ńbẹ̀, ẹ̀mí pàápàá wà ńbẹ̀, nítorí pé irin tí a bá ti gé kì í padà di odidi mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń fi ọkọ̀ rìnrìn-àjò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945 ni àwọn òṣèré tíátà wa ti ń fi ọkọ̀ kó ara wọn àti ẹrù wọn láti ìlú kan dé òmíràn. Bọlẹ̀kájà ni ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ láyé ìgbà náà. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, tapólì ni wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí òjò bá dé. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ fèrèsé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì onírin ló mú ìbéèrè náà wá. Ní 1950 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì rẹ̀. Àwọn kan wà fún ẹrù, wọn kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́; àwọn mìíràn sì wà fún èrò. Ní 1951, ilé-iṣẹ́ Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe inú bọ́ọ̀sì yìí lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tó fẹ́ máa sùn sínú rẹ̀. Ọdún kan náà ni Volkswagen gbé èyí tó ní fèrèsé 23 jáde. Bọ́ọ̀sì Volkswagen yìí ló di dánfó fún àwa níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní Èkó ní 1975.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì akẹ́rù tòkunbọ̀ wá pọ̀ nígboro, àwọn pánẹ́bítà wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi díńgí àti ìjókòó sí i, tí yóò sì di ọkọ̀ èrò. Nítorí náà, gígé fèrèsé kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò yàtọ̀ sí ọkọ̀ ibùsùn. Bí ọkọ̀ èrò bá ti ń sáré, atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé fúnra rẹ̀. Ojú kan ni ọkọ̀ ibùsùn dúró sí, ìgbà tó sì dúró náà gan-an ni èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ooru kì í gba ẹ̀gbẹ́ wọlé nìkan

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé bí fèrèsé bá ti wà, ooru ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn, lọ́jọ́ tí ooru ìta wà láàárín nǹkan bíi 22 sí 36 lórí ìwọ̀n Sẹ́ésíọ̀sì. Láàárín wákàtí kan, ooru inú ọkọ̀ fi nǹkan bíi ìwọ̀n 22 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àlékún náà sì ti wọlé láàárín 30 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ kankan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ kékeré sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án nítorí pé ó ṣí fèrèsé díẹ̀ fún un.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Díńgí ń jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ooru tó wọlé náà jáde bọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, oòrùn Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ó máa ń kọjá gan-an lórí ìlú lọ́sàn-án gangan. Òrùlé ọkọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó bá náwó sórí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tí kò fi nǹkan kan tẹ́ abẹ́ òrùlé, ẹsẹ̀ ló ń tọ́jú nígbà tí orí ń jóná.

Àwọn tó ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣì jẹ́ University College, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ẹni tó bá gba Àgbowó kọjá wọnú ọgbà náà lónìí yóò rí i pé àwọn ilé wọn kò fẹ̀ nínú, ògiri wọn sì ní àwọn ihò tí wọ́n dárà sí, kí atẹ́gùn lè wọ ẹ̀gbẹ́ kan kó gba èkejì jáde. Wọ́n tún kọ ojú gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rí ibi púpọ̀ bà. Olówó kékeré lè fi ọgbọ́n yìí ṣe ọkọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: kí ó kọ imú ọkọ̀ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn nígbà tó bá ń páàkì, ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ oòrùn tó le jù.

Atẹ́gùn, ẹ̀fọn àti èéfín

Ihò kan ṣoṣo kì í mú atẹ́gùn wọlé dáadáa. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kó sì rí ọ̀nà jáde. Bákan náà, atẹ́gùn gbígbóná a máa gòkè, tútù a sì máa sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ojú ihò kan nísàlẹ̀ àti èkejì lórí òrùlé lè ṣe ju fèrèsé ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà lọ. Bí kò bá sí ihò rárá, èémí ẹni tó ń sùn yóò di omi lára irin. Bó bá di àárọ̀, fóòmù ti rin, èébu ti bẹ̀rẹ̀, ìpẹta sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ihò tó ń gba atẹ́gùn wọlé náà ló ń gba ẹ̀fọn wọlé. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹni, ìgbà náà gan-an sì ni èèyàn máa ń sùn. Fèrèsé tí kò bá ní nẹ́ẹ̀tì kò tíì parí, bó ti wù kí díńgí rẹ̀ dára tó.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló wúwo jù. Àwọn kan gbà pé bí fèrèsé bá ti wà ní ṣíṣí, kò léwu láti gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́bàá ọkọ̀ tàbí láti gbé àdògán eléèédú wọ inú rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn tí a ń mí lọ ní ìlọ́po tó ju igba lọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn náà dé ọpọlọ àti ọkàn. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àìlágbára ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sùn lọ kò ní mọ̀. Fèrèsé tó ṣí sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ńṣe ló ń fa èéfín náà wọlé. Ó kéré tán, kí ẹ̀rọ náà jìnnà ní mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bó bá gbóòórùn èéfín yìí kò wọ́n ju ẹ̀mí lọ.

Ìmọ́lẹ̀, olè àti ojú ayé

Ènìyàn kì í gbé inú òkùnkùn kó dùn mọ́ ọn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó orí lórí fèrèsé ilé láti 1696 títí di 1851. Nítorí àtisá fún owó yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn fi bíríkì dí fèrèsé wọn pa, àwọn dókítà sì ń pariwo pé àìsàn ni ilé tí kò rí oòrùn ń kó báni. Ẹni tó ń rán aṣọ, tó ń kàwé tàbí tó ń ṣírò owó nínú ọkọ̀ lójú ọ̀sán nílò ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé oorun alẹ́ nìkan ló ń bá a débẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fèrèsé tó ń fi ìta han ẹni tó wà nínú, òun náà ló ń fi inú han ẹni tó wà níta. Bí a bá tan iná lálẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ ti di ọjà tí a pàtẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní fèrèsé kì í pe àkíyèsí. Èèyàn lè kọjá lára rẹ̀ ní Ring Road láìmọ̀ pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Aṣọ dúdú tó nípọn tí a ta sójú díńgí yóò dí ojú ayé, kò ní dí òkúta olè.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: iná. Bí gáàsì ìdáná bá gbiná lẹ́nu ọ̀nà, ibo ni ẹni tó wà lórí ibùsùn yóò gbà jáde? Fèrèsé tó fẹ̀ tó èjìká lè di ilẹ̀kùn kejì. Ẹni tí kò bá fẹ́ fèrèsé gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ ṣeé ṣí láti inú, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni wọn kò ṣe fún ẹni tó máa wà lẹ́yìn.

Ohun tí òfin wí

Àwọn kan a máa rò pé díńgí dúdú ni ojútùú. Láti 1991 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ka díńgí dúdú léèwọ̀ nínú ọkọ̀, àfi bí ọlọ́pàá bá fúnni láṣẹ nítorí ìlera tàbí ààbò. Ní 2025, ọlọ́pàá tún kéde pé àwọn yóò fi ọwọ́ líle mú un, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́. Kọ́tìnì tí a ń fà sí i nígbà tí ọkọ̀ bá dúró kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ó tún yẹ kí ẹni tó fẹ́ yí ara ọkọ̀ padà béèrè lọ́wọ́ àwọn VIO kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìwé ọkọ̀ àti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ má baà takora.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Britain, ọ̀tọ̀ ni ti wọn. Àjọ DVLA tó ń ṣètò ìwé ọkọ̀ níbẹ̀ ka fèrèsé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó kéré tán, mọ́ àwọn àmì tí wọ́n ń wò lára ọkọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ibùgbé.

Bí a bá fẹ́ gé e

Kí pánẹ́bítà kọ́kọ́ wo egungun ọkọ̀ láti inú, kó má sì gé ọ̀kankan nínú wọn, nítorí irú ọkọ̀ báyìí, ara rẹ̀ ló gbé e ró. Díńgí ilé kò yẹ fún ọkọ̀. Bó bá fọ́, ṣóńṣó rẹ̀ bí ọ̀bẹ ni. Díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti fi iná sè kó lè fọ́ wẹ́wẹ́ láìgéni yánna-yànna, ìdí nìyí tí kò fi ṣeé gé mọ́. Nítorí náà, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí èèyàn kọ́kọ́ ra fèrèsé tòkunbọ̀ tòun ti férémù rẹ̀, bí irú èyí tí èèyàn lè wá ní ọjà Araròmí ní Agodi Gate, kí wọ́n wá gé ihò tó bá a mu. Kí wọ́n fi ọ̀dà adènà ìpẹta kun etí irin tí wọ́n gé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, kí wọ́n sì da omi sí i wò kí wọ́n tó gbowó. Òjò oṣù Kẹfà kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ìpinnu

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ọjà, tó kàn ń sùn sí i lálẹ́, kò nílò fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Ihò atẹ́gùn onínẹ́ẹ̀tì lórí òrùlé, òmíràn nísàlẹ̀, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí láti inú ti tó o. Ẹni tó ń lo ọ̀sán àti òru nínú rẹ̀ nílò fèrèsé méjì tó kọjú síra, tó ṣeé fà, tó sì fẹ̀ tó láti gbà jáde. Ẹni tí kò bá tíì mọ inú èyí tí òun wà, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò òrùlé, kí ó sùn sínú ọkọ̀ náà nígbà òjò, kí ó sì sùn sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irin tí a kò tíì gé, a ṣì lè gé e lọ́la. Èyí tí a bá ti gé, ó di kí a máa wá ohun tí a óò fi dí i.