Àtíbàbà Ọdọọdún Inú Ọgbà Kensington

Ní ọdún 1689, Ọba William Kẹta àti aya rẹ̀, Mary Kejì, ra ilé kan ní Kensington, tó jẹ́ abúlé ẹ̀yìn ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Èéfín àárín ìlú kì í jẹ́ kí ọba mí dáadáa. Ilé náà di ààfin, ilẹ̀ tó yí i ká sì di ọgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1730, Caroline, aya George Kejì, ní kí wọ́n sé odò Westbourne. Adágún tó ti ibẹ̀ jáde lọ́ bí ejò, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Serpentine.

Ilé tí kò ní pẹ́ kì í ṣe àjèjì ní àdúgbò yìí. Ní Hyde Park tó bá ọgbà náà pààlà ni Joseph Paxton, ẹni tí iṣẹ́ ọgbà títọ́jú sọ di olókìkí, ti fi irin àti gíláàsì kọ́ Crystal Palace fún Àfihàn Ńlá ti 1851. Wọn kò gé àwọn igi ńlá tó wà lójú ibẹ̀. Òrùlé ni wọ́n gbé ga kọjá wọn. Iye èrò tó wọlé láàárín oṣù mẹ́fà péré tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọba ni, àdéhùn sì ni pé a óò palẹ̀ mọ́. Wọ́n tú ilé náà, wọ́n lọ tún un tò ní Sydenham, níbi tí iná ti jó o ní 1936.

Ilé tíì kan tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà Kensington ní 1934 ni ó di ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Serpentine Gallery ní 1970. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún, Julia Peyton-Jones tó jẹ́ olùdarí rẹ̀ bẹ Zaha Hadid, ayàwòrán-ilé tó jẹ́ ọmọ bíbí Baghdad, pé kó ṣe àtíbàbà kan fún àsè ayẹyẹ náà. Àsè parí, àtíbàbà kò kúrò. Oṣù mẹ́ta ló fi dúró. Láti ibẹ̀ ni ó ti di àṣà pé kí wọ́n máa pe ayàwòrán-ilé tí kò tíì kọ́ ilé kankan parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe àtíbàbà tuntun lọ́dọọdún. Oṣù mẹ́fà péré ni a sábà máa ń fún un. Ní 2004, àwọn ará Netherlands tí wọ́n ń jẹ́ MVRDV fẹ́ fi òkè bo ilé àfihàn náà mọ́lẹ̀. Kò ṣeé ṣe.

Francis Kéré, ọmọ Gando ní Burkina Faso, ló ṣe ti 2017. Ó fi òrùlé onípákó ṣe bí igi tí ará abúlé ń pàdé lábẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn wá sí àárín, á sì dà sílẹ̀ wìì. Ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ aró, àwọ̀ aṣọ ọjọ́ pàtàkì ní ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ kò nílò àlàyé. Sumayya Vally ará Gúúsù Áfíríkà, tó ṣe ti 2021, wo ibi tí àwọn àtìpó ń kóra jọ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, Peckham tí èdè Yorùbá ti ń dún lójú pópó sì wà lára wọn.

Ọgbà nìkan ni ọ̀rọ̀ "ìgbà díẹ̀" bá wí, kì í ṣe àwọn ilé náà. Wọ́n máa ń tà wọ́n láti fi dí owó tí a ná. Ti Sou Fujimoto ti 2013 lọ sí Tirana, ti Smiljan Radić ti 2014 wà ní Somerset, ti Kéré sì lọ sí Malaysia.

Ohun tó ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ ni àwọn ayàwòrán-ilé Herzog & de Meuron pẹ̀lú oníṣẹ́ ọnà Ai Weiwei wá lọ ní 2012. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọnú láti wá ìpìlẹ̀ àwọn tó ṣáájú, wọ́n sì fi kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí a fi ń dí ìgò, tẹ́ inú kòtò náà. Òpó méjìlá ló gbé òrùlé ró: mọ́kànlá dúró fún àwọn tó ti kọjá lọ, ìkejìlá sì dúró fún tiwọn. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, wọ́n kó tiwọn náà kúrò.