Ta Ni Ká Gbà Gbọ́ Lórí Ọ́ìlì Ọkọ̀? Ìtàn Láti Ọ̀nà Jeddah sí Mẹ́kà

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Manchester bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, dádì mi ní kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi ní gbogbo 3,000 máìlì. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ní 10,000. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti gba ẹ́ńjìn kan lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Dádì ò purọ́, ìwé náà ò purọ́. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀nà tó wà nítòsí mi níbí, láti Jeddah sí Mẹ́kà, nǹkan bí 80 kìlómítà, ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn náà fún yín.

Kí mọ́tò tó dé, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń gbé àwọn tó ń lọ sí Hájì kúrò ní èbúté Jeddah. Àwọn tó gun ràkúnmí sábà máa ń sùn ní Bahra, ìlú kékeré tó wà láàárín ọ̀nà. Lẹ́yìn tí Ọba Abdulaziz gba Mẹ́kà ní 1924, tó sì gba Jeddah ní ìparí 1925, ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Philby, tó ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ rí, wá jókòó sí Jeddah láti ṣòwò. Ọkọ̀ Ford wà lára ohun tó ń tà.

Ẹ wo bí ẹ́ńjìn ayé ìgbà náà ṣe rí. Ẹ mú Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927. Kò ní fílítà ọ́ìlì rárá. Kabúrétọ̀ ló ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, kò sì lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí ẹ́ńjìn ò bá tíì gbóná, bẹntiróòlù á pọ̀ jù, kò ní í jó tán. Èyí tí kò jó á lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìn kọjá, á sì bọ́ sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bẹntiróòlù yìí, pẹ̀lú eruku àti èérí, ló mú kí wọ́n máa da ọ́ìlì nù kíákíá. Ìwé Ford ní kí wọ́n dà á nù ní 400 máìlì fún ọkọ̀ tuntun, lẹ́yìn náà ní bíi 750 máìlì.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Bí díríìpù bá ń wọ apá aláìsàn, a kì í fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò ní apá yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti bomi là ni ẹ máa bá níbẹ̀, èsì rẹ̀ á sì tàn yín jẹ. Ní ojú, ẹ̀jẹ̀ ò dín kù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró láàárín irin méjì kí wọ́n má baà fara kanra. Bí bẹntiróòlù bá ti wọ inú rẹ̀, á ṣàn bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Nǹkan ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Fílítà ọ́ìlì ti jáde ní Amẹ́ríkà láti 1923. Ní Jeddah níbí, Abdul Latif Jameel bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé epo ní 1945. Ní 1955, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta Toyota. Ní 1968, Petromin dá iṣẹ́ ọ́ìlì sílẹ̀ ní Jeddah pẹ̀lú Mobil. Ọ́ìlì ń dára sí i, ọ̀nà di ọ̀dà, 750 máìlì sì di 3,000 máìlì, ìyẹn bíi 4,800 kìlómítà. Ẹ rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975: ọkọ̀ oní-kabúrétọ̀ ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dádì yín fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ibẹ̀ ni 3,000 wọn ti wá.

Nígbà tó yá, ínjẹ́kítọ̀ àti kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kabúrétọ̀. Wọ́n ń wọn bẹntiróòlù bí a ṣe ń wọn oògùn ọmọdé. Iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ wá gòkè. Ó jọ pé àrùn náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn tuntun dé, tó ń fọ́n bẹntiróòlù tààrà sínú sílíńdà, wọ́n tún fi tọ́bò sí i. Kì í jẹ epo púpọ̀, àmọ́ ó dá àrùn àtijọ́ padà. Ní 2018, Honda dáwọ́ títa CR-V tuntun dúró fúngbà díẹ̀ ní Ṣáínà, nítorí pé lásìkò òtútù, ọ́ìlì ń gòkè nínú ẹ́ńjìn oní-tọ́bò rẹ̀.

Ọdún 2018 kan náà, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ni Sáúdí gbà kí obìnrin máa wa ọkọ̀. Èmi náà gba láísẹ́ńsì, mo ra ọkọ̀ àlòkù oní-tọ́bò kan. Láti ilé mi dé ọsibítù kò ju ìṣẹ́jú méje lọ. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, inú ọkọ̀ ni mo ti ń sinmi, ẹ́ńjìn á wà ní títàn nítorí AC. Mo máa ń yẹ géèjì wò, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì ń gòkè. Inú mi ń dùn pé ọkọ̀ mi ò jẹ ọ́ìlì! Èmi tí mo mọ̀ nípa díríìpù, mi ò bi ara mi léèrè ibi tí àfikún náà ti ń wá.

Ìyá mi wá láti Ìwó fún Úmúrà. Sítíkà ilé sáfíìsì ní 10,000 kìlómítà, mo sì ti rin 8,000. A ń lọ sí Mẹ́kà, oòrùn mú, mo sáré díẹ̀. Ká tó kọjá Bahra, iná ọ́ìlì tàn, ẹ́ńjìn ń kan gbà-gbà-gbà, ó sì kú. Ẹ́ńjìn ti nọ́ọ̀kì. Mo ti sọ ìtàn Bahra fún ìyá mi lọ́nà. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú aṣọ Úmúrà wọn, wọ́n ní: "Ṣé àwa náà á sùn níbí ni?" Mi ò rí ẹ̀rín rín. Nígbà tí mẹkáníìkì da ọ́ìlì náà jáde, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù ló ń rùn.

Mo bi í pé, pẹ̀lú ooru Jeddah? Ó ní ooru òde kọ́ ni ooru ẹ́ńjìn. Bí ìta bá gbóná dé 45, ọ́ìlì ṣì gbọ́dọ̀ gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀, kó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, kí bẹntiróòlù tó lè fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méje ò tó.

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. 10,000 wà fún ọkọ̀ tó ń rìn jìnnà, tó ń gbóná dáadáa. Ẹ ṣí ìwé ọkọ̀ yín síwájú sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú ewé mìíràn fún ọkọ̀ tó ń rìn kúkúrú, tó ń dúró nínú gósílóò, tàbí tó ń rìn nínú eruku. Iye tó wà níbẹ̀ sábà máa ń súnmọ́ ìdajì. Ìwọ tí o wà ní Manchester, bí ibi iṣẹ́ rẹ kò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú òtútù, ojú ewé yẹn ni tìẹ. Máa wo oṣù pẹ̀lú máìlì. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni kí o tẹ̀ lé. Ìrìn gígùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa ń lé díẹ̀ nínú bẹntiróòlù náà lọ, ṣùgbọ́n kò lè tún irin tó ti jẹ ṣe. Bí ọ́ìlì bá ń gòkè lórí géèjì, tàbí tó ń rùn bíi bẹntiróòlù, má dúró de iye kankan. Dà á nù, kí o sì gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Kí o sì pe dádì. Sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n sọ, fún 504 wọn. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Ó dàbọ̀ o.