Omíyalé Ògùnpa: Ìjọba Tó Ń Dé Lẹ́yìn Òjò

Ẹ dárúkọ Ògùnpa fún àgbàlagbà tó gbé Ìbàdàn ní ọdún 1980, kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún náà ni. Òjò ńlá rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò tó gba àárín ìlú kọjá kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ ọ́ pé àwọn tó kú lé ní 200. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn sọ ọ́, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn.

Kì í ṣe pé odò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ó ti ya wọ ilé onílé ní 1963, ó tún ṣe é ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú ìjàǹbá ńlá yìí. Kí ni ìjọba wá ní nílẹ̀? Àjọ kan wà. Ní 1976, ìjọba ológun ti ṣe Òfin 48 tó dá NERA sílẹ̀, ọ̀dá tó mú Òkè Ọya ní 1972 sí 1973 ló sì fà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìrànwọ́ ni iṣẹ́ NERA: kí wọ́n kó oúnjẹ àti aṣọ ìbora jọ, kí wọ́n pín in fún ẹni tí àjálù bá bá. Ẹni tó ń kọ́lé sí etí odò ní 1979 kò sí nínú ọ̀ràn tiwọn, àfi ìgbà tí ilé náà bá wó.

Àwa tá a ń kọ́ èdè kò lè ṣe kí a má wo orúkọ yẹn, Omíyalé, lẹ́ẹ̀mejì. Omi nìkan ló dá lẹ́bi. Ní Ògùnpa, ilé náà lọ bá omi: wọ́n kọ́lé sí bèbè, wọ́n da pàǹtí sínú odò títí ọ̀nà omi fi há. A kò sì fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ń gbé ibẹ̀, torí ilẹ̀ tí owó wọn ká nìyẹn.

Lẹ́yìn 1980, ní ayé Ààrẹ Shehu Shagari, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ Ògùnpa: kí wọ́n fẹ ojú odò, kí wọ́n fi kọnkéré kọ́ ọ. Iṣẹ́ náà fi ọ̀pọ̀ ọdún falẹ̀, ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀.

Nígbà tó di 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tí wọ́n wọ̀n ní mìlímítà 187.5 rọ̀ ní Ìbàdàn. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Àmọ́ Ògùnpa kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́tẹ̀ yìí. Odò Ọnà ló gbàlú: Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé omi láti 1942, àti Àpẹ́tẹ̀, tí afárá rẹ̀ bá omi lọ. Ìjọba ti múra de odò ọdún 1980, odò mìíràn ló wọlé.

Nígbà náà NERA ti di NEMA, láti 1999. Òfin tó dá a sílẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ, torí ó ní kí àjọ náà ṣètò ṣáájú àjálù, ó sì fi ààyè sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, NEMA lè kìlọ̀ títí ohùn yóò fi há, òun kọ́ ló ń fọwọ́ sí pláànù ilé. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn wà. Ibẹ̀ gan-an, lójú tiwa, ni ìṣòro fara pamọ́ sí.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là, owó yíyá, fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Èyí tó wù wá níbẹ̀ ni pé wọn ò wo odò kan ṣoṣo mọ́, gbogbo ìlú ni wọ́n wò pa pọ̀, wọ́n sì tún ibi tí wọ́n sé omi sí ní Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí òkú kí owó yẹn tó jáde.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ gbé Ìbàdàn ní 1980 tàbí 2011, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa: àdúgbò wo ni, ibo ni omi dé lára ògiri yín?